Kí A Má Fi Ìtìjú Kárùn

Ní ìparí oṣù Kẹjọ ọdún 2018, àwọn ọlọ́pàá ya wọ ilé ìtura kan ní Ẹgbẹ́dá, ní Alímọ̀ṣọ́ kan náà tí Àgbàdo wa wà, wọ́n sì kó ọkùnrin 57. Ọlọ́pàá ní ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin ni wọ́n fẹ́ wọ̀. Àwọn tí wọ́n mú ní ayẹyẹ ọjọ́ ìbí ni àwọn wá ṣe. Kí adájọ́ tó gbọ́ ohunkóhun, ojú wọn ti hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn 47 nínú wọn ni wọ́n gbé lọ sílé ẹjọ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó wọ́gi lé ẹjọ́ náà, nítorí pé àwọn olùpẹjọ́ kò ṣe ojúṣe wọn. Ẹjọ́ kúrò nílẹ̀, àbùkù kò kúrò lára.

Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Iyì ni wọ́n fi òwe náà ń kọ́ni, ṣùgbọ́n àwọn kan ti sọ ọ́ di òfin ìtọ́jú ara wọn. Ọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí ọkùnrin bíi tirẹ̀, tàbí sí tọkùnrin tobìnrin, ti ń gbọ́ láti kékeré pé ẹni ègbé ni irú òun. Bó pẹ́ bó yá, kò ní nílò ẹni tí yóò bú u mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa bú ara rẹ̀. Bí egbò bá yọ sí i lábẹ́, kò ní lọ sí ọsibítù, kí nọ́ọ̀sì má baà béèrè ẹni tó bá sùn. Kẹ́mísì ni yóò yà sí láti ra oògùn àtọ̀sí láìṣe àyẹ̀wò. Èyí tó burú jù ni ohùn inú tó ń sọ fún un pé, "Ìyà tó tọ́ sí mi ni." Ẹni tó gba èyí gbọ́ kò ní rí ìdí tí òun yóò fi lo kọ́ńdọ̀mù.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2014 ni wọ́n bu ọwọ́ lu òfin tó ka ìgbéyàwó akọ sí akọ àti abo sí abo léèwọ̀. Òfin náà kò ka ìtọ́jú léèwọ̀, síbẹ̀ ẹ̀rù ti ilẹ̀kùn ọsibítù. Àwọn olùṣèwádìí tó ń tẹ̀lé irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ 707 ní Àbújá rí i pé kí òfin tó jáde, nínú ìbẹ̀wò 100, nǹkan bíi 25 ni ẹni tó wá ti sọ pé ẹ̀rù ń ba òun láti wá ìtọ́jú. Lẹ́yìn òfin, ó di 38.

Kí ẹbí má sọ pé kò kàn wá. Òmíràn nínú wọn ń fẹ́ ìyàwó kí ẹnu ayé lè pa mọ́; àrùn tí ọkọ fi pamọ́ lè dé ara ìyàwó àti ọmọ inú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà àbáyọ wà. Láti ọdún 2006 ni oògùn HIV ti di ọ̀fẹ́ nílẹ̀ Nàìjíríà. Ẹni tó ń lò ó déédéé, títí tí àyẹ̀wò kò fi rí kòkòrò náà mọ́, kò lè kó o ran ẹni tí wọ́n jọ ń sùn. Oògùn ààbò wà fún ẹni tí kò tíì ní in. Bí ewu bá sì ti ṣẹlẹ̀, oògùn ọjọ́ 28 wà tí a gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé. Ènìyàn tilẹ̀ lè fi omi ẹnu rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò nínú yàrá rẹ̀.

Yorùbá ní orúkọ fún ẹni tí ojú tì títí àìsàn fi wọ̀ ọ́ lára: afìtìjúkárùn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, orúkọ náà kò bá aláìsàn nìkan wí. Ó ń bá nọ́ọ̀sì tí kò lè pa ẹnu mọ́ wí, ó ń bá ọ̀rẹ́ tó ń fi ọ̀rẹ́ ṣẹ̀sín wí, ó sì ń bá àwa tí a gbé ìtìjú náà lé e lórí wí.