Táyà Òjò Dídì Nínú Oòrùn Ìlọrin

Ọ̀rọ̀ táyà ni a fẹ́ bá yín sọ ní oṣù yìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ọjà ni a gbé wọ inú ìwé ìjọ. Ẹni tí ó bá ti gbé ìyá rẹ̀ sínú bọ́ọ̀sì ìjọ rí yóò mọ ìdí rẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún 2019, ìjọ wa ń lọ sí ìpàdé kan ní Ìbàdàn. Táyà bọ́ọ̀sì wa ti pá, owó inú àpótí kò sì pọ̀. Àwa ìgbìmọ̀ rán ènìyàn lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta táyà tòkunbọ̀, ó sì ra mẹ́rin wá ní ìdajì owó tuntun. Inú wa dùn, nítorí ojú táyà náà jinlẹ̀, wọ́n gé e wẹ́wẹ́wẹ́, ó sì dàbí ẹni pé kò tíì rìn rárá. A dúpẹ́ níwájú pẹpẹ, a ta òróró sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò sí ọ̀kan nínú wa tí ó bẹ̀rẹ̀ ka ohun tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ọ̀sán gangan ni a kọjá Eyenkorin. Kí a tó dé Ogbómọ̀ṣọ́, táyà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún bẹ́, bọ́ọ̀sì sì wọ igbó. Ògo ni fún Ọlọ́run, ẹnikẹ́ni kò kú. Ṣùgbọ́n ìyá kan nínú ẹgbẹ́ akọrin fi itan kán, ọ̀pá ni ó fi ń rìn wá sí ìsìn títí di òní.

Fọkanáísà tí ó wá ràn wá lọ́wọ́ ni ó fi àmì kan hàn wá lára táyà tí ó kù: òkè olórí mẹ́ta, òdòdó òjò dídì sì wà láàárín rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, táyà ìlú òtútù lèyí o.”

A lọ wádìí. Ní Jámánì, nígbà tí oṣù kẹwàá bá dé ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ ń wọ irú táyà yìí fún ọkọ̀ wọn, wọn a sì bọ́ ọ ní àkókò Àjíǹde. Ní Quebec ní Kánádà, òfin ni láti ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá títí di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹta. (Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ tọ́jú ọmọ-ọmọ níbẹ̀, ẹ má bá ọmọ yín jà pé ó ń náwó sí táyà méjì-méjì.) Rọ́bà táyà lásán a máa le bí òtútù bá ti lọ sísàlẹ̀ 7°C, kì í sì di ọ̀nà mú mọ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe po ti òjò dídì kí ó rọ̀. Ṣùgbọ́n rọ́bà rírọ̀ náà, lórí ọ̀dà títì tí oòrùn oṣù kejì àti ìkẹta ń yan, a máa yára jẹ, kì í sì jẹ́ kí ọkọ̀ tètè dúró. Bí ó bá ti gbó ní òkè òkun tí wọ́n sì bọ́ ọ dànù, ó lè bá ọkọ̀ ojú omi dé ọ̀dọ̀ wa.

Kí a sọ òtítọ́, àmì yẹn nìkan kọ́ ni ó pa wá lára. Nọ́ńbà mẹ́rin tí ó gbẹ̀yìn DOT lára táyà náà ni 2310: ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2010 ni wọ́n ṣe é. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún mẹ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti ń kéde pé ọdún mẹ́rin ni. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò tó. A sì kó ènìyàn méjìdínlógún àti kúlà ìrẹsì sínú ọkọ̀ ẹni mẹ́rìnlá.

Àwọn kan nínú ìjọ ní iṣẹ́ àwọn ará ilé ni. A kò sọ pé ọ̀tá kò sí. Ṣùgbọ́n ẹ ka Deuteronómì 22:8. Ọlọ́run kò ní kí onílé máa gbàdúrà kí àlejò má ṣubú láti orí òrùlé. Ó ní kí ó mọ ìgbátí sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀jẹ̀ yóò wà lọ́rùn ilé náà. Ẹsẹ̀ yìí ni ó gba oorun lójú wa ní oṣù náà.

Láti ìgbà tí Michelin àti Dunlop ti dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Nàìjíríà, ní 2007 àti 2008, owó tuntun ń le sí i. A mọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin náà kí ẹ tó béèrè iye rẹ̀. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bóyá ó ti ń sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí bọ́ọ̀sì bá ni, ẹ wo lẹ́tà C lẹ́yìn ìwọ̀n rẹ̀, nítorí ti ọkọ̀ kékeré kò lè gbé ẹrù bọ́ọ̀sì. Kí a sì wọn afẹ́fẹ́ ní òwúrọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn, nítorí bí táyà bá ti gbóná, gééjì yóò ka jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọdún tí ó kọjá, owó táyà méjì péré ni ó wà lọ́wọ́ nígbà tí ìpàdé kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ní kí a lo méjì àtijọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ìyá ọlọ́pàá yẹn dìde láti àárín àwọn akọrin, kò sọ̀rọ̀, ó kàn dúró. A sún ìrìn àjò náà síwájú di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.