Igbó-Elérin Láìsí Erin: Kí Ló Dé Tí Ẹran Igbó Amẹ́ríkà Kò Tán?

Èyí ni àkọsílẹ̀ ètò wa ti ọ̀sẹ̀ yìí, fún ẹ̀yin tí dátà yín kò tó gbọ́ ohùn, àti ẹ̀yin tí ẹ wà nínú dánfó tí ariwo kò jẹ́ kí ẹ gbọ́ nǹkan kan.

 Igbó-Elérin ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, ní àdúgbò Òkókómáíkò. Bí ẹ bá ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn mi, ẹ má bínú, iná ti lọ.

Fídíò kan ló fa ọ̀rọ̀ òní. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Maryland, ní Amẹ́ríkà, ló fi í sórí WhatsApp ìdílé wa. Òun, àbúrò ìyàwó rẹ̀, àti ọ̀rẹ́ méjì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n wọ igbó lọ ní ìdájí. Ẹ̀gbọ́n mi gun igi, ó jókòó sórí àga irin kékeré kan, kò sọ̀rọ̀, kò mira. Kò sí ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀. Ọrun àti ọfà ló mú dání. Nígbà tó yá, àgbọ̀nrín kan yọ, ọfà fò, ó parí.

Àwọn ẹbí dá sí i lóríṣiríṣi. Ẹnìkan ní, "Ṣé ebi ń pa yín lọ́hùn-ún ni?" Ẹlòmíràn ní kí wọ́n gbé itan kan wá sí Èkó. Èmi gbé fóònù lọ bá Bàbá Ọdẹ.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni Bàbá Ọdẹ. Ní kékeré, ó máa ń tẹ̀ lé bàbá wọn wọ igbó. Lónìí, òun ló ń ṣọ́ géètì àdúgbò wa lóru, pẹ̀lú fèrè àti tọ́ọ̀ṣì. Ẹ sì mọ̀ pé ní Èkó, bí wọ́n bá ní "ẹ pe ọdẹ wá", ẹni tó ń ṣọ́ ilé ni wọ́n ń wí. Iṣẹ́ yí padà, orúkọ kò yí padà. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì sí i dáadáa bí ẹ bá ń kọ ọ́. Ọdẹ yàtọ̀ sí ọ̀dẹ̀.)

Bàbá wo fídíò náà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n bi mí pé, "Ẹran yẹn, ṣé wọ́n ń sìn ín ni?"

Mo ní, "Rárá sà, ẹran igbó ni."

"Wọ́n sì ń pa á lọ́dọọdún?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

Wọ́n dá fóònù padà fún mi. "Kí ló wá dé tí kò tán?"

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé wá sórí ètò lónìí.

Ẹran wo gan-an ni?

Àgbọ̀nrín là ń pè é, torí kò sí orúkọ mìíràn tó sún mọ́ ọn, àmọ́ kì í ṣe àgbọ̀nrín tiwa. Ìwo àgbọ̀nrín tiwa wà lórí rẹ̀ títí ayé. Ti Amẹ́ríkà yìí, akọ nìkan ló sábà máa ń ní ìwo, ó pẹ̀ka bí igi, á sì já bọ́ lọ́dọọdún kí òmíràn tó hù. Bí ó bá ń sá, á na ìrù sókè, funfun abẹ́ rẹ̀ á hàn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní onírù-funfun.

Ọrun kì í ṣe àjèjì sí wa

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé eré òyìnbó ni ọfà títa. Ní 1965, ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw àti àwọn èèyàn rẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀ ní Ihò Eléérú, nítòsí Àkúrẹ́. Wọ́n rí egungun èèyàn tó ti lé ní 11,000 ọdún, wọ́n sì rí ọ̀pọ̀ òkúta wẹ́wẹ́ mímú, irú èyí tí àwọn onímọ̀ gbà pé wọ́n ń fi sí ẹnu ọfà. Ìlú Ọ̀fà ní Kwara ńkọ́? Ìtàn wọn ní tafàtafà ni ẹni tó tẹ ìlú náà dó, Olófà sì ni oyè ọba wọn títí dòní. Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, òrìṣà àwọn ọdẹ, ọrun àti ọfà ni àmì rẹ̀. Àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e dé Brazil àti Cuba, wọ́n ṣì ń bọ ọ́ níbẹ̀. Ní Brazil, ọba Kétu ni wọ́n ń pè é.

Ọfà àwọn ọdẹ ilẹ̀ wa sábà máa ń ní oró. Èso igi kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Strophanthus wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe é. Ọkàn ẹran ni oró náà ń mú, á sì dúró. Dókítà John Kirk, tó bá David Livingstone rìn ní odò Zambezi láàárín 1858 sí 1863, ṣèèṣì fi búrọ́ọ̀ṣì eyín tó ti kan irú oró bẹ́ẹ̀ fọ eyín. Ó rí i pé ìlù ọkàn òun yí padà. Láti ibẹ̀ ni Thomas Fraser ní Edinburgh ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì di oògùn àìsàn ọkàn. Ohun tí ọdẹ fi ń pa ẹran di ohun tí dókítà fi ń gba èèyàn là.

Kí ló wá pa ọrun tì? Ìbọn ṣakabùlà ni. Lẹ́yìn náà ni iná àdèmórí dé. Bí iná bá kọlu ojú ẹran lóru, ẹran á dúró bí ère. Akọ ni o, abo ni o, olóyún ni o, ọdẹ kò lè yàn mọ́.

Bí wọ́n ṣe ń fi ọrun òde òní dẹ̀gbẹ́

Ọrun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe igi àti okùn lásán. Ará Amẹ́ríkà kan, Holless Wilbur Allen, ló gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1969. Kẹ̀kẹ́ kékeré wà ní orí àti ìdí rẹ̀. Bí o bá ti fà á dé òpin, ẹrù rẹ̀ á fúyẹ́ lójijì, ó lè má ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ tí yóò kù lọ́wọ́ rẹ. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí o lè dúró kí o fi sùúrù wo ojú ibi tí o ń ta.

Síbẹ̀, ẹran gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọ tó ìwọ̀n mítà ogún tàbí díẹ̀ sí i. Nítorí náà, ọdẹ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, torí imú ẹran yára ju ojú èèyàn lọ. Kò sí oró lẹ́nu ọfà wọn. Irin mímú ló ń gé iṣan, ẹ̀jẹ̀ á sì dà. Bí ọfà bá wọlé, wọn kì í sáré tẹ̀ lé e. Wọ́n á dúró tó ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹran náà lè dùbúlẹ̀ nítòsí, kí wọ́n tó máa tọ ipa ẹ̀jẹ̀ lọ. Ibi tí àwọn ọ̀rẹ́ àti ẹbí ti wúlò nìyẹn. Ojú mẹ́rin sàn ju ojú méjì lọ, ẹran ńlá kò sì ṣeé dá gbé.

Bàbá Ọdẹ rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ka gbogbo èyí fún wọn. Wọ́n ní, "Bàbá wa náà máa ń ba sórí igi. Wọn kì í jẹ́ kí a wú ikọ́."

Kí ló dé tí kò tán?

Ẹ gbọ́ o, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Nígbà tó fi máa di 1900, àwọn onímọ̀ fojú díwọ̀n rẹ̀ pé onírù-funfun tó kù ní Amẹ́ríkà kò ju bíi 500,000 lọ. Ọjà ló fà á. Àwọn ọdẹ ń pa á tà fún àwọn ìlú ńlá, wọ́n ń ta ẹran, wọ́n ń ta awọ.

Ohun mẹ́ta ni wọ́n ṣe. Ìkínní, wọ́n lé e kúrò lọ́jà. Ní 1900, òfin Lacey fi òpin sí gbígbé ẹran tí wọ́n pa lọ́nà àìtọ́ láti ìpínlẹ̀ kan lọ tà ní òmíràn, àwọn ìpínlẹ̀ náà sì fi òfin de títa ẹran igbó. Títí dòní, ẹ̀gbọ́n mi kò lè ta kílò kan nínú ẹran yẹn. Ó lè jẹ ẹ́, ó lè pín in fún ẹbí àti ọ̀rẹ́, ó tán. Ìkejì, wọ́n fi àkókò àti iye sí i. O gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, o gbọ́dọ̀ mọ iye tí o lè pa, o sì gbọ́dọ̀ jábọ̀ bí o bá pa á. Ìkẹta, àwọn ọdẹ fúnra wọn ló ń san owó ìtọ́jú igbó. Òfin Pittman–Robertson ti 1937 ya owó orí ìbọn àti ọta sọ́tọ̀ fún un, ní àwọn ọdún 1970 wọ́n fi ọrun àti ọfà kún un. Owó náà ń padà sí ìtọ́jú ẹranko.

Lónìí, onírù-funfun tó bíi 30,000,000. Ó ti wá pọ̀ débi pé ọkọ̀ ń kọlù wọ́n lójú títì ní ìgbà tó lé ní mílíọ̀nù kan lọ́dún.

Àwa ńkọ́?

Ẹ wo orúkọ àdúgbò wa: igbó tí erin wà. Àwọn Àwórì tó ni ilẹ̀ yìí, ọdẹ ni ìtàn pe baba ńlá wọn, Ògúnfúnmiñire. Lónìí, kí ni mo ń rí láti ojú fèrèsé? Páànù, wáyà iná, kéké. Ewúrẹ́ àdúgbò ni ẹran tó tóbi jù.

Mi ò ní parọ́ fún yín pé ọdẹ nìkan ló lé ẹran lọ. Ilé àti títì jẹ igbó. Ṣùgbọ́n ní ibi tí igbó ṣì kù, ọjà ló ń jẹ ẹ́, àwa ará Èkó la sì ń rà á. Èmi náà ti jẹ ẹ́ ní Òkókómáíkò lọ́jọ́ Jímọ̀, mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi sórí Status. Mi ò bèèrè irú ẹran tó jẹ́, tàbí ibi tó ti wá.

Ohun kan tún wà. Gbogbo ẹran kọ́ ló ń bí bákan náà. Onírù-funfun sábà máa ń bí ìbejì lọ́dún. Ẹtu, ọmọ kan ṣoṣo ni. Erin á gbé oyún fún oṣù 22. Ẹran tó ń bí ní ìlọ́po, o lè fi àkókò àti iye sí i, kí o máa pa á. Erin kò ní irú ìyẹn. Kí a fi í sílẹ̀ pátápátá ni.

Erin kò sì tíì tán nílẹ̀ Yorùbá o. Wọ́n ṣì wà ní igbó Ọmọ, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, kò tó 150 kìlómítà sí Èkó. Lára àwọn tó ń ṣọ́ wọn níbẹ̀, àwọn kan ti ṣe ọdẹ rí. Ẹsẹ̀ tó mọ ipa ẹran láti pa á ló tún mọ̀ ọ́n láti dáàbò bò ó. Fún ẹni tí ẹnu rẹ̀ ń fẹ́ ẹran igbó, ọ̀yà ṣeé sìn. Wọ́n ti ń ṣe é ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tó múlé gbè wá, láti àwọn ọdún 1980. Kí o bi ẹni tó ń tà á pé, "Ṣé ti oko ọ̀sìn ni?" kò ná ọ ní kọ́bọ̀.

Yorùbá ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnìkan jẹ. Síbẹ̀, àwọn ọdẹ ń pín in. Bàbá Ọdẹ ní nílé wọn, bàbá wọn kì í tà á àfi bí ó bá kù. Aládùúgbò ló kọ́kọ́ máa ń jẹ. Ohun tí òfin Amẹ́ríkà fi ipá mú ẹ̀gbọ́n mi ṣe, àṣà ilé ni níbí kí ọjà tó gbà á lọ́wọ́ wa.

Kí n tó kúrò lọ́dọ̀ wọn, Bàbá ní kí n tẹ ibi tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀. Wọ́n sún mọ́ fóònù, wọ́n ní, "Àrìnpa o!" Wọ́n dá fóònù padà. Bí a ṣe ń kí ọdẹ tó ń lọ sígbó nìyẹn: kí o rìn, kí o rí ẹran pa. Ní géètì, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́" ni gbogbo wa ń kí wọn. Wọ́n ní ó ti lé ní ogójì ọdún tí ẹnikẹ́ni ti kí àwọn ní àrìnpa.

Ẹ̀gbọ́n mi fèsì lálẹ́. Ó ní, "Kí ni Bàbá sọ? Kí ló túmọ̀ sí?"

Mo ti ṣàlàyé fún un. Mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn Bàbá sílẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, kí wọ́n tó lọ sẹ́nu géètì. Bí ọdẹ bá wà nílé tiyín, ẹ lọ bá wọn jókòó, ẹ bi wọ́n ní ẹran tí wọ́n ti rí rí, kí ẹ fi ohùn wọn ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àrìnpa o.