Mọ́tò asáré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: kí ni ti òde òní pàdánù lára ti àtijọ́?

Àmì MG kan náà ló wà níwájú mọ́tò méjèèjì. MGB ni àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nílùú Abingdon, nílẹ̀ England, lọ́dún 1962. Agbára ẹṣin 95 ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní, kò sì wúwo tó 1,000 kìlógíráàmù. Ìkejì ni MG Cyberster, mọ́tò abánáṣiṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ SAIC ti ilẹ̀ Ṣáínà, tó ni orúkọ MG báyìí, ń ṣe. Èyí tó lágbára jù nínú rẹ̀ ní agbára ẹṣin tó lé ní 500, ìwúwo rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé tọ́ọ̀nù méjì. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta àti díẹ̀, Cyberster yìí ti ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan. Ti MGB á ju ìṣẹ́jú àáyá 12 lọ.

Síbẹ̀, àwọn èèyàn ṣì ń náwó nára lórí MGB. Ìrántí ìgbà èwe nìkan kọ́ ló ń fà á. Mọ́tò asáré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ fúyẹ́, ibẹ̀ sì ni ìwà rẹ̀ ti wá.

Kí ni ìwúwo ń ṣe fún mọ́tò?

Bí mọ́tò bá fẹ́ yà ní kọ́nà, ìwúwo rẹ̀ á fẹ́ gbé e lọ tààrà. Táyà ló máa dì í mú. Bó bá ṣe wúwo tó ni táyà ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó, kí búrékì tóbi, kí ẹ́ńjìnnì sì lágbára sí i. Gbogbo èyí á tún dá kún ìwúwo náà.

Táyà MGB tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì sí ẹ̀rọ kankan tó ń bá awakọ̀ yí sítíárìn rẹ̀. Bí táyà iwájú bá fẹ́ yọ̀ lójú ọ̀nà tí òjò ti pa, sítíárìn á kọ́kọ́ fúyẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀. Ìkìlọ̀ nìyẹn, kí mọ́tò tó yà bàrá. Lára ọ̀pọ̀ mọ́tò òde òní, ẹ̀rọ iná kékeré kan ló ń bá awakọ̀ yí sítíárìn, púpọ̀ nínú ohun tí ojú ọ̀nà ń sọ kì í sì í dé ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Onímọ́tò tún lè tọ́jú àwọn mọ́tò ayé àtijọ́ yìí fúnra rẹ̀. Bí a bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì Triumph Spitfire, ọ̀kan lára wọn, gbogbo iwájú rẹ̀ pẹ̀lú fẹ́ńdà ló máa ṣí síwájú, téèyàn á fi lè jókòó sórí táyà kó máa tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Lórí kàbúrétọ̀ SU tó wà lára púpọ̀ wọn, ìdérí kékeré kan wà tí à ń fọwọ́ yí ṣí, ká kán ọ́ìlì díẹ̀ sí i.

Ṣé òfin ààbò ló ba nǹkan jẹ́?

Mi ò ní bo àbùkù wọn. Wọ́n máa ń jo ọ́ìlì, wọ́n máa ń dípẹtà, iná wọn kì í ṣeé gbọ́kàn lé. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, kò sí àpò afẹ́fẹ́ tó máa gba awakọ̀ sílẹ̀. Ó yẹ kí òfin dá sí i. Nígbà tí òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà dé, MG de báńpà rọ́bà ńlá mọ́ MGB lọ́dún 1974, wọ́n sì gbé e ga sókè. Bó ṣe ń yà ní kọ́nà kò dára tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Lọ́dún 1980 ni ilé-iṣẹ́ Abingdon kógbá wọlé, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe MGB tó lé ní 500,000.

Àmọ́ ilẹ̀ Japan fi hàn pé ààbò àti ìwà lè jọ gbé. Lọ́dún 1989, Mazda gbé MX-5 jáde, lẹ́yìn tí wọ́n ti fara balẹ̀ wo Lotus Elan, mọ́tò asáré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ọdún 1962. Wọ́n mú fífúyẹ́ rẹ̀, wọ́n fi jíjo ọ́ìlì sílẹ̀. Ó ti lé ní mílíọ̀nù kan tí wọ́n ti ṣe. MX-5 òde òní ní àpò afẹ́fẹ́ àti búrékì ABS, síbẹ̀ ìwúwo rẹ̀ kò ju nǹkan bí 1,100 kìlógíráàmù lọ.

Lotus pàápàá, tí Colin Chapman dá sílẹ̀, ṣe Elise lọ́dún 1996. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ férémù alumíníọ̀mù rẹ̀ pọ̀, gbogbo mọ́tò náà kò sì ju nǹkan bí 725 kìlógíráàmù lọ. Emira tí Lotus ń tà báyìí fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe.

Kí ló yẹ ká máa bèèrè?

Bátìrì wúwo, òótọ́ ni, mọ́tò abánáṣiṣẹ́ kò sì ní lọ mọ́. Ṣùgbọ́n ní èyí tó pọ̀ jù nínú títì ìjọba, awakọ̀ kò lè lo agbára ẹṣin 500 tán láìrúfin. Ní ọ̀nà abúlé tó rí kọ́lọkọ̀lọ, ẹni tó ń wa MGB ní 80 kìlómítà ní wákàtí ti ń gbádùn. Ẹni tó wà nínú Cyberster kò tíì bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, bí ilé-iṣẹ́ kan bá tún polówó mọ́tò asáré tuntun, kí oníbàárà kọ́kọ́ bèèrè bó ṣe wúwo tó. Ìgbà tí oníbàárà bá ń ra mọ́tò tó fúyẹ́ ni àwọn tó ń ṣe é máa padà sí i.