Bí iná ṣe ń tún inú irin tò

Nínú ọlọ ńlá tí wọ́n fi ń lọ símẹ́ǹtì, bọ́ọ̀lù irin ni ọmọ ọlọ. Wọ́n á kó wọn sínú àgbá irin gbọọrọ, àgbá á máa yí, bọ́ọ̀lù á máa gòkè, á máa já lu òkúta títí òkúta á fi kúnná. Àmọ́ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń lọ òkúta ni òkúta ń lọ bọ́ọ̀lù. Irin lásán kì í pẹ́ níbẹ̀ rárá. Irin dídà tí wọ́n po kúrómíọ̀mù mọ́ ló ń fara dà á: kúrómíọ̀mù bí ìdá 12 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún, kábọ́nù bí ìdá 2 sí 3. Síbẹ̀, àpòpọ̀ yìí nìkan kò tó. Inú ìléru ni iṣẹ́ ti ń parí, ó sì pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ bó ṣe ń rí bẹ́ẹ̀.

Láyé àtijọ́, kí irin dídà lè rọ̀ ni wọ́n ṣe ń dá a padà sínú iná. Irin dídà funfun le koko, ṣùgbọ́n bó bá já bọ́, ó lè fọ́ yángá. Ní 1722, Réaumur, ọ̀mọ̀wé ará Faransé, tẹ ìwé jáde lórí bí ooru ọlọ́jọ́ pípẹ́ ṣe lè rọ̀ ọ́. Ní 1826, Seth Boyden ní ìlú Newark, l'Amẹ́ríkà, gba ọ̀nà mìíràn. Káábáìdì, ìyẹn ohun líle tí irin àti kábọ́nù para pọ̀ dà, tú ká nínú ooru tirẹ̀, kábọ́nù sì ṣù jọ di gíráfáìtì dúdú. Àwọn méjèèjì rí àbájáde, wọn ò rí inú irin. Henry Sorby ní Sheffield ló dán irin, tó fi ásíìdì pa ojú rẹ̀, tó sì gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù ní nǹkan bí 1863.

Ẹ jẹ́ ká gbé bọ́ọ̀lù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú àwòṣe jáde síbẹ̀. Káábáìdì kúrómíọ̀mù á hàn bí òkúta inú kọnkéré. Lórí òṣùwọ̀n Vickers, tí wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe le tó, líle yanrìn inú òkúta tó nǹkan bí 1,000 sí 1,100. Káábáìdì irin lásán kò fi bẹ́ẹ̀ jù ú lọ, bóyá kò tilẹ̀ tó o. Ti kúrómíọ̀mù wà láàárín 1,300 sí 1,800, apá yanrìn ò ká a. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni ohun tó di káábáìdì náà mú, ọsténáìtì, tó rọ̀. Bí yanrìn bá jẹ ẹ́ tán, káábáìdì á yọ gọngọ síta, á sì kán.

Kí ló dé tí ọsténáìtì ò fi le? Kábọ́nù àti kúrómíọ̀mù ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, wọn ò jẹ́ kó yí padà bó ti ń tutù. Ìwòsàn rẹ̀ yà mí lẹ́nu nígbà tó kọ́kọ́ yé mi: ẹ tún un gbóná sí 950 sí 1,050 °C fún wákàtí mélòó kan. Kábọ́nù á jáde lára rẹ̀, á di káábáìdì tíntìntín káàkiri inú rẹ̀. Ọsténáìtì tó ti fúyẹ́ wá ráyè yí padà bó ti ń tutù, ó di matẹnsáìtì líle, tí Osmond, ọ̀mọ̀wé ará Faransé, fi orúkọ Adolf Martens ará Jámánì sọ ní 1895. Alágbẹ̀dẹ a máa ki àdá gbígbóná bọ omi. Ẹni tó bá dán an wò níbí lè gbọ́ ìró sísán. Afẹ́fẹ́ fáànù ti tó.

Bí ooru bá pọ̀ jù, kábọ́nù á padà sínú ọsténáìtì, gbogbo wàhálà náà á sì já sí asán. Bó bá bọ́ sí i, wọ́n á tún yá a ná ní bí 200 sí 250 °C kí ara rẹ̀ lè tù, kó má baà tètè sán. Ṣùgbọ́n káábáìdì ńlá tó ti inú àwòṣe wá kò ní yí padà tó bẹ́ẹ̀. Bí adàrin bá jẹ́ kí irin pẹ́ jù kó tó tutù nígbà dídà, tí káábáìdì fi ki gbàǹgbà, kò sí ìléru tó máa bá a tún un ṣe.