Kòkòrò Tí Apá Oògùn Kò Ká Mọ́: Ǹjẹ́ Òróró Efínrín Lè Ká A?

Ìbéèrè kan ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò. Bí apá oògùn apakòkòrò kò bá ká kòkòrò àìsàn mọ́, ǹjẹ́ ewé lè ká a? Àwọn kan ti dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n sì ti gbé ìkòkò àgbo kaná. A rọ̀ wọ́n kí wọ́n ní sùúrù díẹ̀.

Alexander Fleming ló ṣàwárí penicillin ní 1928. Nígbà tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1945, ó kìlọ̀ pé bí a bá lo oògùn náà ní ìwọ̀n tí kò tó, kòkòrò tó bá ṣẹ́kù yóò mọ bí a ti ń fara dà á. Ọ̀rọ̀ náà ṣẹ. Ní ọdún 2019 nìkan, ìṣirò àwọn onímọ̀ ni pé nǹkan bí 1,270,000 ènìyàn ni irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ pa káàkiri ayé. Kápúsù méjì péré tí à ń rà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí a gbé mì nítorí inú rírun, wà lára ohun tó fà á.

Efínrín ńlá ni àwọn ìyá wa àgbà fi ń ṣe àgbo fún ìgbẹ́ gbuuru. Wọn kò ṣì í. Ní 1969, àwọn olùwádìí ní Nàìjíríà, tí Sofowora wà nínú wọn, tẹ ìwádìí jáde lórí agbára ewé yìí. Òórùn tó ń ta sí wa nímú bí a bá fọwọ́ ra á, òróró ni. Thymol tàbí eugenol ló sábà máa ń pọ̀ nínú rẹ̀. Eugenol yìí kan náà ló wà nínú kànáfùrù.

Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló yí ara kòkòrò ká. Òróró á wọ inú awọ náà, á dá a lu bí ajere, ohun inú kòkòrò á sì jò síta. Oògùn apakòkòrò sábà máa ń kọlu ibì kan ṣoṣo. Bí kòkòrò bá ti yí ibẹ̀ padà, ó bọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n odindi awọ kì í ṣe ohun tí a ń yí padà wéré. Ìdí nìyí tí òróró fi lè pa Staphylococcus tí methicillin kò rí pa nínú àwo ìwádìí. Pseudomonas ní tirẹ̀, tó ń ba ojú ọgbẹ́ iná jẹ́, ọ̀pọ̀ òróró ni kò ràn án.

Àwo ìwádìí kì í sì í ṣe ikùn ọmọ. Ìwọ̀n tó pa kòkòrò nínú àwo lè pọ̀ ju ohun tí ara lè gbà lọ. Òróró kànáfùrù tí ọmọdé bá mu lè ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́. Òróró inú àgbo ẹ̀wẹ̀ kéré, kò sì dọ́gba láti ìkòkò dé ìkòkò. Kò lè rọ́pò oògùn fún táífọ́ọ̀dù tàbí òtútù àyà. Ọmọ tó bá ń mí gúlegúle, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.

Ẹnu àti awọ ara ni òróró ti rí iṣẹ́ ṣe jù. Thymol wà nínú Listerine tí à ń fi fọ ẹnu, àwọn dókítà eléyín sì ń lo eugenol fún dídí ihò eyín. Àwọn olùwádìí tún ń dán an wò láti po òróró díẹ̀ mọ́ oògùn tí agbára rẹ̀ ti dínkù, kí òróró dá awọ kòkòrò lu, kí oògùn sì rí ọ̀nà wọlé.