Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Ọdẹ Orí Omi Tí Ó Pa U-176

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ta ni ó mọ̀ pé Kúbà, erékùṣù ìrèké, jagun lójú òkun nígbà Ogun Hítílà?

1. Ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 1943, bí CS-13, ọkọ̀ onígi ti Kúbà tí gígùn rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 83 lọ, tí a kàn fún dídọdẹ ọkọ̀ abẹ́ omi, ti ń sin àwọn ọkọ̀ tí ó ru ṣúgà lọ sí Havana, ni ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà kan fi èéfín ṣàmì sí ibi tí U-176, ọkọ̀ abẹ́ omi ti Jámánì, ba sí.

2. Norberto Collado, ọmọ Kúbà aláwọ̀ dúdú, fi etí sí ẹ̀rọ tí ń gbọ́ ìró abẹ́ omi. Mario Ramírez Delgado, ọ̀gá ọkọ̀, pàṣẹ kí wọ́n ju àdó olóró sínú ibú, U-176 sì rì tòun ti gbogbo ènìyàn 53 inú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe mímì fádìẹ.

3. Collado yìí kan náà (ẹ gbọ́ o!) ni ó tu ọkọ̀ Granma tí ó gbé Fidel Castro wọ Kúbà ní 1956.

Ẹ bá wa pín in fún ẹni tí ó rò pé àwọn orílẹ̀-èdè ńláńlá nìkan ni ó ja ogun náà.