Power Supply Ni Kẹ́ Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ to kọ̀ǹpútà géèmù tuntun, graphics card ló máa ń kó owó lọ. Power supply wá ńkọ́? Èyí tówó ẹ̀ kéré jù lọ̀pọ̀ ń rà, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà wà.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gba iná 230 volt, kó sọ ọ́ di 12 volt tí processor àti graphics card máa lò. Ẹ wò ó: 115 watt ni wọ́n kọ fún RTX 4060, 65 fún Ryzen 5 5600. Àpapọ̀ wọn ò tó 200, síbẹ̀ 550 watt ni Nvidia ní ká rà. Kí ló dé? Yàtọ̀ sí pé àwọn nǹkan míì nínú kọ̀ǹpútà náà ń jẹ iná, tí géèmù bá gbóná, card lè ṣàdédé fa iná tó ju 115 lọ dáadáa, kó tó ṣẹ́jú pẹ́ ó ti kọjá. Power supply tí ò lè gbé e, kọ̀ǹpútà á kàn kú fin. Gbàrọgùdù ló tún wá burú jù: tó bá jóná, ó lè mú motherboard dání lọ.

Àmì 80 Plus ò sọ pé ààbò wà níbẹ̀ o. Bí kì í ṣe é fi iná ṣòfò ló ń sọ. Ẹ wá OVP lára páálí, òun ló ń pa á tí volt tó ń gbé jáde bá ga jù, àti SCP, tó ń pa á tí wáyà bá kanra. Tíná àdúgbò yín bá sì ń lọ tó ń bọ̀, ẹ fi owó iná mèremère inú kọ̀ǹpútà yẹn ra UPS.